Wúrà Tí Láwàlì Pè Ní Ìṣó

Láwàlì ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé Mẹ́kà. Ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kiri, ó sì ti tọrọ ká gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Odawna. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n ní kó bá àwọn ṣàdúà tó bá débẹ̀. Ó wá ku Sàká, tí wọ́n jọ wá wúrà nínú igbó nígbà èwe wọn. Láwàlì gbé ẹ̀rọ awáwúrà wọn àtijọ́ sínú àpò, ó wọ ọkọ̀ èrò trotro lọ sí Ashaiman.

Ó bá Sàká níta, tó ń gé ọṣẹ tó fẹ́ tà. Afua, ìyàwó ọmọ rẹ̀, gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Sàká kì í gbé ọmọ tuntun. Ó ní orí òun ò dáa, òun ò fẹ́ kó ran ọmọlọ́mọ.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, Àlájì ọ̀la!" ni Sàká wí. "Mo ti forí jì ẹ́ kó o tó sọ ọ́."

"Má tíì forí jì mí. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ná."

Láwàlì rò pé òun á sunkún, àmọ́ omijé kankan ò wá. Ó yọ ẹ̀rọ náà jáde nínú àpò. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"O rántí bá a ṣe ra ẹ̀rọ yìí? Ìwọ fẹ́ aláwo ńlá, èyí tí awo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀. Mo ní aláwo ńlá ń gbọ́ irin tó jìn, àmọ́ wúrà tí kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ, aláwo kékeré ló ń gbọ́ ọ. Òótọ́ nìyẹn. Mo tún ní sípíkà rẹ̀ ti bàjẹ́, íàpíìsì tí à ń kì bọ etí nìkan la lè fi gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ ni. Èmi ń gbé ẹ̀rọ, ìwọ ń gbẹ́lẹ̀. Tó bá ti ké tín-ín-rín létí mi, màá ní ìṣó ni, màá fẹsẹ̀ ṣàmì síbẹ̀, màá padà wá dá gbẹ́ ẹ. Ibi tí irin dídípẹtà wà ni mò ń ní kó o gbẹ́. Ọ̀kánjúwà ni mí, Sàká."

Sàká ò gbójú kúrò lára ọṣẹ. "Ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ni, owó wúrà yẹn ni mo fi ṣí i. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ọjọ́ tó o ní o ò bá mi lọ mọ́, kí orí burúkú rẹ má baà ràn mí, o dúró, ò ń retí kí n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wúrà wà lápò mi. Mo ní, 'Òótọ́ lo sọ. Orí rẹ ni ò gbà á.'"

Ó yọ íàpíìsì kúrò lára ẹ̀rọ náà, ó tàn án, ó bọ́ òrùka ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ náà kọjá lórí rẹ̀. Sípíkà rẹ̀ ké, gbogbo agboolé gbọ́. Láwàlì kúnlẹ̀.

"Forí jì mí."

Sàká fọ ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, ó nù ún gbẹ.

"Afua, gbé ọmọ yẹn wá."

"Papa, ẹ̀yin fúnra yín?"

"Èmi fúnra mi."

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbà á. Ó kẹ̀yìn sí Láwàlì tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì sún ọmọ náà mọ́ àyà. "Bàbá rẹ àgbà nìyí," ló ń wí fún un. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe orí mi."