Èmi Ni Mo Lẹ Téèpù Bo Iná Ẹ́ńjìnì

Oṣù méje gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi wà nínú mi. Ẹnu tí mo fi pa irọ́ náà ni mo fẹ́ fi tú u, kí ẹlòmíì má bàa bá mi tú u lẹ́yìn ikú mi. Ùsmán Dàwódù ni orúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé l'Ágége. Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, orúkọ náà sì tọ́ sí mi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike n'Íkẹjà. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, tí àwọn ọ̀gá ká ọwọ́ lérí, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Etí lásán ni mo fi ń mọ bẹ́ríńgì tó fẹ́ kú. Mi ò fọ́nnu. Ẹ bi àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní mẹkáníìkì kankan ò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mi. Bíréèkì nìkan ni mo ń fi sílẹ̀ fún Ezekiel, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé wa, nítorí orúnkún mi ò jẹ́ kí n wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Bó bá ti rí mi, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹnjiníà, ẹ ò ní jẹ́ ká jẹun o!" Orí mi á wú.

Ní Sátidé kan, mo tú ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa atẹ́gùn, mo fọ̀ ọ́ tónítóní. Nígbà tí mo ń dá rọ́bà ńlá tí atẹ́gùn ń gbà wọlé padà sí àyè rẹ̀, mo fi agbára fà á, ó ya. Mo rí i pé ó ya. Mo fi téèpù dúdú wé e, mo dé ẹ́ńjìnì pa. Lọ́jọ́ kejì, iná ẹ́ńjìnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a máa ń kì bọ abẹ́ sítíárì, tó máa ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. P0171 ni kóòdù tó gbé jáde: atẹ́gùn pọ̀ jù, epo ò tó. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ibi tí mo fà ya ni atẹ́gùn ń gbà yọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ra rọ́bà tuntun, wọ́n á bi mí pé kí ló ṣe ti tẹ́lẹ̀, èmi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ọwọ́ Ẹnjiníà ló bà á jẹ́.

Mo pa kóòdù náà rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà. Mo tún pa á rẹ́. Ràbíátù ìyàwó mi, tó ń wa ọkọ̀ náà lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni l'Ómọ̀lé, ní, "Bàbá Quadri, iná yẹn tún ti tàn o. Ọkọ̀ náà sì ń gbọ̀n bí mo bá dúró."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ẹ́ńjìnì?"

Lọ́jọ́ yẹn ni mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí mo lẹ téèpù bo iná náà láti inú. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé mo yin ara mi. Òmùgọ̀ àgbà!

Ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀, bí Ràbíátù ṣe ń yí kọ́nà ní òpópónà Ọba Àkran, ẹ́ńjìnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín títì. Tírélà tó ń bọ̀ tẹ bíréèkì, kò rí i dúró tán. Ó gbá ọkọ̀ náà lẹ́yìn. Apá òsì ìyàwó mi ṣẹ́ sọ́nà méjì. Nígbà tí àwọn ẹbí bi mí pé kí ló fà á, mo ní, "Ezekiel ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Nígbà tó wá ṣe bíréèkì, ó tú ohun tí mi ò rán an."

Àwọn ẹbí fẹjọ́ Ezekiel sun ẹgbẹ́ mẹkáníìkì. Kí ẹgbẹ́ náà tó wá wo ọkọ̀, mo ti yọ́ lọ yọ téèpù ojú iná. Èyí tó wà lára rọ́bà, mo fi í sílẹ̀, mo sì nàka sí i: "Ẹ wo iṣẹ́ Ezekiel!" Ezekiel wò mí lójú. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò débẹ̀." Alága ẹgbẹ́ bèèrè bóyá mo lè búra. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti padà lẹ́yìn irọ́. Mo ṣe àlùwàlá, mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo búra. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kò bú mi. Ó kó sípánà rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ.

Oṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń ti Jímọ́ọ̀ bọ̀, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì l'Ọ́gbà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Apá màmá ńkọ́?" Kò sí ẹ̀gàn kankan lóhùn rẹ̀.

Ràbíátù ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní, "Mo ti dárí ti apá mi jì yín, Bàbá Quadri. Ti Ezekiel ò sí lọ́wọ́ mi." Mo lọ bá ẹgbẹ́ nínú ìpàdé wọn, mo sì ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe Ezekiel. Mo dìde dúró níwájú àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tó ti ọmọ mi, mo sọ ọ́ láti orí rọ́bà dé orí ìbúra. Mi ò dín in kù, mi ò fi bò. Àwọn kan pòṣé, ẹnì kan pè mí ní àgbàyà. Ẹ gbà mí láyè kí n yangàn lẹ́ẹ̀kan sí i: ohùn mi ò gbọ̀n, mo sì gbé orí mi sókè jáde níbẹ̀.

Wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù Ezekiel fún un. Ìbúra èké náà wà láàárín èmi àti Ọlọ́run. Mò ń bẹ̀ Ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo fídíò tún ọkọ̀ yín ṣe, ẹ má dẹ̀yìn, iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí iná bá tàn, tí ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ yín ni, ẹ yára sọ ọ́ nígbà tí rọ́bà nìkan ló bàjẹ́. Ezekiel ti ń dáhùn ìkíni mi, kò tíì ní òun dárí jì mí. Mi ò ní kán an lójú. Àárọ̀ ọ̀la, bí Ọlọ́run bá jí mi, n ó tún lọ kí i.