Ìwé Tí Dáódù Fọwọ́ Sí

Ìpè láti Ilé Ìfìwéránṣẹ́ ní Marina, Èkó, sí ọ́fíìsì kóòtù kan ní Ìbàdàn, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1956. Àmúdàtù ló pè. Mọ̀núrù àbúrò rẹ̀, ògbufọ̀ kóòtù, ló gbé e.

[aago dún, wáyà ń hó]

ÒPERÉTỌ̀: Hello, Ìbàdàn. Èkó wà lórí láìnì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, caller. Go ahead.

ÀMÚDÀTÙ: Hàló? Hàló! Ẹ jọ̀ọ́, Mọ̀núrù ni mò ń bèèrè, Mọ̀núrù ògbufọ̀—

MỌ̀NÚRÙ: Èmi nìyí. Ta ni?

ÀMÚDÀTÙ: Èmi ni. Àmúdàtù.

MỌ̀NÚRÙ: Ha, Àǹtí mi! Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí?

ÀMÚDÀTÙ: O kú iṣẹ́ o. Memunat ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ?

MỌ̀NÚRÙ: Wọ́n wà, a dúpẹ́. Àǹtí mi, kóòtù ń jókòó lọ́wọ́, rẹ́jísírà wà lẹ́yìn mi níbí—

ÀMÚDÀTÙ: Kóòtù. Kóòtù ni èmi náà ti ń bọ̀.

MỌ̀NÚRÙ: Kóòtù kẹ̀? Ta ló pè yín lẹ́jọ́?

ÀMÚDÀTÙ: Ṣé o gbọ́ mi? Nǹkan yìí ń hó.

MỌ̀NÚRÙ: Mo gbọ́ yín. Ìyá ńkọ́?

ÀMÚDÀTÙ: Ìyá wà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta níbí. Kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀ ló wọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

MỌ̀NÚRÙ: Kí ló gbé Ìyá dé Marina nínú oòrùn yìí?

ÀMÚDÀTÙ: Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló gbé e wá. Àwa méjèèjì la jọ rìn láti kóòtù. Ọ̀rọ̀ ilé ni.

MỌ̀NÚRÙ: Ilé wo?

ÀMÚDÀTÙ: Ilé mélòó la ní? Ilé Bàbá wa, Ìsàlẹ̀ Èkó. Mọ̀núrù? Ṣé o gbọ́ mi?

MỌ̀NÚRÙ: Mò ń gbọ́.

ÀMÚDÀTÙ: Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri láti oṣù kẹsàn-án. Ìjọba ní àwọn á wó o láti tún ìlú ṣe. Ni Bàbá Ṣàkírù, àbúrò Bàbá wa, bá gba lọ́yà, ó pe ìjọba lẹ́jọ́ lórúkọ gbogbo ẹbí.

MỌ̀NÚRÙ: Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?

ÀMÚDÀTÙ: Ìyá ni. Ó ní iṣẹ́ ìjọba lò ń ṣe, ká má fi ọ̀rọ̀ ìjọba kó bá ẹ. Ó ní tí ẹjọ́ bá dópin, ká tó kọ̀wé sí ẹ.

MỌ̀NÚRÙ: Àǹtí mi, wọ́n ń wó gbogbo àdúgbò yẹn. Kò sí bí a ṣe fẹ́—

ÀMÚDÀTÙ: Dúró. Ilé mẹ́rin ló lọ sí kóòtù ládùúgbò wa. Mẹ́ta, adájọ́ ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ wọn. Lọ́yà wa ní ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ẹ̀ jàre, torí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà. Tiwa nìkan ló dúró sójú kan.

MỌ̀NÚRÙ: Kí ló dá tiwa dúró?

ÀMÚDÀTÙ: Wọ́n ní a ti gbà.

[wáyà hó gan-an]

MỌ̀NÚRÙ: Ẹ ní kí ni?

ÀMÚDÀTÙ: Mo ní wọ́n ní a ti gbà! Lọ́yà ìjọba mú ìwé kan jáde láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹbí wa fọwọ́ sí i pé a ò ní ẹjọ́ kankan bá wọn rò. Bàbá Ṣàkírù pariwo. Adájọ́ ní kó jókòó. Ó ní ta ló fọwọ́ sí i? Lọ́yà ní dáódù ilé ni.

MỌ̀NÚRÙ: Àǹtí mi—

ÀMÚDÀTÙ: Ìwọ ni dáódù ilé wa, àbí wọ́n ti yan òmíràn?

MỌ̀NÚRÙ: Ẹ jẹ́ kí n—

ÒPERÉTỌ̀: Three minutes, caller. Ṣé ẹ máa fi kún un?

ÀMÚDÀTÙ: Ẹ fi kún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Mọ̀núrù! Ṣé o gbọ́ mi?

MỌ̀NÚRÙ: Mo gbọ́ yín. Ẹ rọra. Yes, sir, one minute, sir. Rẹ́jísírà ni.

ÀMÚDÀTÙ: Wọ́n pe Ìyá síwájú. Wọ́n fún un ní Àlùkùránì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Lọ́yà ìjọba bi í pé ta ni Mọ̀núrù. Ìyá ní ọmọ òun ni. Lọ́yà ní ṣé ọwọ́ ọmọ ẹ nìyí? Ìyá ní rárá.

MỌ̀NÚRÙ: Ìyá ò mọ̀wé.

ÀMÚDÀTÙ: Ohun tí lọ́yà yẹn sọ gan-an nìyẹn, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ó ní màmá, o ò mọ A yàtọ̀ sí B, báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀? Ìyá ní, "Mo mọ ọmọ mi. Mo wẹ̀ ẹ́, mo pọ̀n ọ́n. Ó bá mi ru ẹní láti etí omi Èbúté Èrò dé ìsọ̀ mi kó tó mọ ilé ìwé. Ọmọ yẹn ò lè jókòó síbì kan kó ta orí mi láìsọ fún mi." Ó sọ̀rọ̀ títí. Ṣé o mọ ohun tí ògbufọ̀ wọn sọ fún adájọ́?

MỌ̀NÚRÙ: Kí ló sọ?

ÀMÚDÀTÙ: "She denies it, my lord." Ó tán. Ṣé iṣẹ́ tí ìwọ náà ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn? Lọ́yà wa gbé ìwé yẹn fún mi kí n wò ó. Èmi tí mi ò kà ju ìwé kejì lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń ka lẹ́tà ẹ fún Ìyá láti ọdún mẹ́fà. Mo mọ bí o ṣe máa ń fa ìdí M gùn bí ìrù. Mo dá ìwé náà padà fún lọ́yà, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

MỌ̀NÚRÙ: Ẹ ò búra?

ÀMÚDÀTÙ: Ẹnikẹ́ni ò ní kí n búra. Ìyá ló búra. Wàyí o, dá mi lóhùn. Ìwọ ni àbí ìwọ kọ́?

MỌ̀NÚRÙ: Àǹtí mi, àwọn ènìyàn wà níbí.

ÀMÚDÀTÙ: Ènìyàn wà níbí náà. Ìwọ ni?

MỌ̀NÚRÙ: Èmi ni.

[wáyà ń hó]

ÀMÚDÀTÙ: Ìgbà wo?

MỌ̀NÚRÙ: Nígbà tí mo wá ṣe Iléyá. Ẹ̀yin àti Ìyá ti lọ pín ẹran fún àwọn ará Olówógbowó. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ọ́fíìsì ìjọba, tó wọ ṣòkòtò kákí, bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní gbogbo àdúgbò ti fọwọ́ sí i, ó ku àwa nìkan.

ÀMÚDÀTÙ: Ó purọ́ fún ẹ.

MỌ̀NÚRÙ: Ó purọ́.

ÀMÚDÀTÙ: Ìwé yẹn ńkọ́? O kà á?

MỌ̀NÚRÙ: Mo kà á.

ÀMÚDÀTÙ: O kà á tán?

MỌ̀NÚRÙ: Mo kà á tán. Ó yé mi.

ÀMÚDÀTÙ: Kí ló wá ṣe ẹ́?

MỌ̀NÚRÙ: Wọ́n ní wọ́n á fún wa nílé ní Sùúrùlérè. Omi ẹ̀rọ nínú ilé. Iná mànàmáná. Àǹtí mi, ẹ rántí ọjọ́ tí mo mú akọ̀wé kóòtù kan, ẹlẹgbẹ́ mi, wá kí Ìyá? Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti pàdé agbépòó pẹ̀lú garawa ìgbẹ́ lórí. A ní láti fẹ̀yìn ti ògiri kó tó kọjá. Ọkùnrin yẹn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò mu omi tí Ìyá gbé fún un. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà lojú ti ń tì mí.

ÀMÚDÀTÙ: Ojú tì ẹ́.

MỌ̀NÚRÙ: Mo rò pé oore ni mo ń ṣe.

ÀMÚDÀTÙ: Oore tí o ò lè sọ fún ẹnì kan fún oṣù mẹ́rin! Àwa mọ́kàndínlógún ló ń gbé ilé yẹn. Yàrá méjì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa ní Sùúrùlérè. Ta ló máa ra ẹní lọ́wọ́ Ìyá nínú igbó yẹn?

MỌ̀NÚRÙ: Ẹni kákí ò sọ pé yàrá méjì ni.

ÀMÚDÀTÙ: Kò sí nínú ìwé tó yé ẹ? Gbọ́. Adájọ́ ní kí ìwọ fúnra ẹ wá lọ́jọ́bọ̀. Ìwé ìpè ẹ ń bọ̀ lọ́nà. Lọ́yà wa ní tí o bá lè dúró kó o sọ pé kì í ṣe ọwọ́ ẹ—

MỌ̀NÚRÙ: Rárá.

ÀMÚDÀTÙ: Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán!

MỌ̀NÚRÙ: Wọn á fi wé àwọn ìwé mi níbí. Ọwọ́ mi wà lára ẹgbẹ̀rún ìwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀wọ̀n ni, Àǹtí mi. Èmi gan-an ni mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó bá búra èké: ẹ̀wọ̀n ni.

ÀMÚDÀTÙ: Ìyá ńkọ́? Òun tó ti búra?

MỌ̀NÚRÙ: Wọn ò ní fi ṣe nǹkan kan. Kò mọ̀wé. Wọ́n máa ń fojú fo irú wọn dá.

ÀMÚDÀTÙ: Irú wọn.

MỌ̀NÚRÙ: Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn.

ÀMÚDÀTÙ: Bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Bàbá Ṣàkírù ti ń sọ fún gbogbo ilé pé wọ́n ṣe ayédèrú orúkọ ẹ. Ìyá ń bá àwọn obìnrin ilé jà nítorí ẹ. Mi ò lè padà lọ sílé lọ sọ ọ́ fún un. Ìwọ ni wàá sọ ọ́.

MỌ̀NÚRÙ: Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́bọ̀, n ó kúnlẹ̀ níwájú wọn—

ÀMÚDÀTÙ: Níwájú adájọ́ ni wàá jẹ́ kó ti gbọ́ ọ? Níbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín? Ìyá! Ẹ wá. Ẹ wá bá Mọ̀núrù sọ̀rọ̀.

MỌ̀NÚRÙ: Àǹtí mi, ẹ dákun—

[ariwo ìlẹ̀kùn, ẹ̀rọ kan nǹkan]

ÌYÁ: Ibo ni n ó sọ̀rọ̀ sí? Ibí yìí? Mọ̀núrù?

MỌ̀NÚRÙ: Ẹ káàsán, mà.

ÌYÁ: Ohùn ẹ jìnnà. Ṣé o gbọ́ mi? Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà ẹ́ o. Mo ti sọ fún wọn. Kó o kàn wá, kó o sọ tìẹ náà, ká jọ máa lọ sílé.

MỌ̀NÚRÙ: Ìyá, èmi ni mo fọwọ́ sí i.

ÌYÁ: Hẹ̀n? Ó ń hó. Mi ò gbọ́.

MỌ̀NÚRÙ: Mo ní èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé yẹn.

ÌYÁ: Ìwé kí ni? Gbé ohùn sókè.

MỌ̀NÚRÙ: Èmi ni mo fọwọ́ sí i! Èmi ni, Ìyá! Kì í ṣe ayédèrú!

[ní Ìbàdàn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń dún dákẹ́]

ÌYÁ: Mo gbọ́.

MỌ̀NÚRÙ: Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, mà.

ÌYÁ: Ṣé wọ́n lù ẹ́ ni?

MỌ̀NÚRÙ: Rárá, mà.

ÌYÁ: Wọ́n dẹ́rù bà ẹ́?

MỌ̀NÚRÙ: Rárá, mà.

ÌYÁ: Ìwọ nìkan lo jókòó, o sì kọ ọ́.

MỌ̀NÚRÙ: Mo dúró ni, mà. Ẹnu ọ̀nà ni.

ÌYÁ: Hẹn.

ÒPERÉTỌ̀: Time, Lagos. Àwọn mìíràn ń dúró.

MỌ̀NÚRÙ: Operator, please! Ìyá, mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Òótọ́ ni n ó sọ. N ó bẹ adájọ́, n ó ní ẹ̀bi mi ni, kó jẹ́ kí ẹbí ro ẹjọ́ wọn—

ÌYÁ: Wá. Wá sọ ọ́. Wọ́n á wó ilé, mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan ọ̀rọ̀ tèmi, má jẹ́ kí ògbufọ̀ yẹn bá mi sọ ọ́. Ìwọ ni kó o fi òyìnbó ẹ sọ ọ́. Sọ fún adájọ́ pé ìyá ẹ ò purọ́.

MỌ̀NÚRÙ: N ó sọ ọ́, mà.

ÌYÁ: Sọ fún un pé kò mọ ọmọ tó bí ni.

MỌ̀NÚRÙ: Ìyá, ẹ má—

[wáyà gé]