Orin Olówó Pọ́ọ́kú Tí Mo Rà fún Bàbá Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Bàbá mi ń bẹ láyé, ara wọn le, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, tí mo bá rí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n jókòó sáàárín ìjọ, tí ẹlòmíràn ń tẹ dùùrù, ńṣe ni mo máa ń gbójú kúrò. Èmi ni mo gbé wọn kúrò nídìí dùùrù yẹn. Wọn ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi èmi, àti ẹ̀yin tí mo ń sọ ọ́ fún yìí.

Táìlì ni mò ń tà ní Ìbàfò, Mówè ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n Ìfọ̀ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti tẹ dùùrù ìjọ ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Bàbá Dùùrù ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, dókítà sọ fún wọn pé etí àgbà, ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń sá fún un. Wọn ò bá mi sọ ọ́. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé kí n bá àwọn wá orin dùùrù kan, ọ̀kan nínú orin àwọn òyìnbó àtijọ́ tí kò lọ́rọ̀ nínú, tí ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ máa ń fi sí i fún wọn nígbà èwe wọn. Àwo rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Wọ́n ti gbọ́ pé èèyàn lè rí irú ẹ̀ rà lórí kọ̀ǹpútà báyìí.

Mo lọ bá Sístà Bọ́sẹ̀, tó ní káfè íńtánẹ́ẹ̀tì ní Mówè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lókè òkun ló máa ń bá a fi káàdì sanwó irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Bọ́sẹ̀ á wá dáúnlóòdù ẹ̀, á kọ ọ́ sínú síídì. Ó ní, "Bọ̀dá, oríṣi méjì ni wọ́n ń tà o. Èyí tó wúwo, ohùn rẹ̀ pé. Èyí tó fúyẹ́, wọ́n ti gé lára ohùn rẹ̀ kó lè kéré. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo wọ́n ní ìlọ́po mẹ́ta, á sì pẹ́ kó tó wọlé tán." Ó fi ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì sí mi létí. Háà, orin kan náà ni! Kí ni mo fẹ́ máa fowó ṣòfò sí? Mo ní kó fún mi ní èyí tó fúyẹ́. Èmi yìí, tó jẹ́ pé tí oníbàárà bá ń na ọwọ́ sí táìlì tí kò dáa, èmi ni mo máa ń sọ fún un pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á!

Mo gbé síídì lọ sí Ìfọ̀. Bàbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Àjàní, ṣé ojúlówó nìyí?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ojúlówó ni, Bàbá. Èyí tó wọ́n jù lọ ni mo rà fún yín."

Ta ló bi mí léèrè iye owó? Kò sẹ́nìkan. Àdúrà ni mò ń wá. Wọ́n sì ṣe é fún mi, wọ́n ní owó kò ní wọ́n mi láyé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún mọ́ rédíò, wọ́n fọwọ́ ká etí, wọ́n gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ó ti tó. Pa á." Mo rò pé oorun ló ń kùn wọ́n.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ dùùrù padà fún àlùfáà. Ìyá mi ló wá là mí lóye. Ibì kan wà láàárín orin yẹn tí àwọn ohùn kéékèèké ti máa ń ké bí ẹyẹ. Bàbá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ tí àwọn ò bá gbọ́ ọ mọ́, àwọn á dìde fúnra àwọn, kí àwọn tó máa ṣi orin tẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Àyà mi já díẹ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́ rì. Mo ní ọjọ́ ogbó ni.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Tèmi ò ju oṣù mẹ́ta lọ. A jókòó síwájú ilé ní Ìfọ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀rọ ìlọta aládùúgbò ń dún gbààgbàà. Bàbá gbórí sókè, wọ́n ní, "Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé, òròmọdìẹ kan ti há síbì kan." Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nínú wa. Mo lọ. Òròmọdìẹ ọ̀hún ti jìn sínú kòtò lẹ́yìn kànga, ohùn rẹ̀ ò ju ti abẹ́rẹ́ tó já bọ́ lọ. Etí tó gbọ́ òròmọdìẹ láàárín ariwo ẹ̀rọ ìlọta, ẹyẹ wo ni kò ní gbọ́ nínú orin?

Mo sáré lọ ra èyí tó wúwo. A fi méjèèjì sínú ẹ̀rọ ńlá tó wà ní káfè Sístà Bọ́sẹ̀, a gbọ́ wọn dé àárín. Nínú tàkọ́kọ́, ibi tí ẹyẹ wà kàn ń hó ṣùẹ̀ẹ̀ bí omi orí iná ni. Nínú èkejì, wọ́n ń ké ketekete. Mo bú sẹ́kún níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀, n ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí mo ti mọ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń tẹ dùùrù. Bàbá fúnra wọn ló gbàdúrà lé e lórí, owó táṣẹ́rẹ́ tí ìjọ ń fún un ló fi ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé kí wọ́n lé e ni? Tí mo bá dákẹ́, ṣé bí bàbá mi á ṣe máa fìka tẹ tábìlì oúnjẹ bí ẹni ń tẹ dùùrù títí ọjọ́ alẹ́ wọn nìyí?

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni wọ́n pè mí. "Àjàní, bá mi fi orin yẹn sí i. N ò gbọ́ gbogbo ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n owó ńlá lo fi rà á fún mi. Kò yẹ kí n jẹ́ kó ṣòfò." Síídì kejì wà nínú mọ́tò mi níwájú ilé. Ẹ̀yin èèyàn mi, tàkọ́kọ́ ni mo tún fi sí i. Bàbá mi dijú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé etí wọn ò ṣe nǹkan kan, ọmọ wọn ló parọ́?