Wákàtí Tí Mo Ní Mo Fi Kẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Agbẹjọ́rò ni mí ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ́fíìsì mi wà ní Ìrẹmọ. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, n kò sọ fún ọkọ mi pàápàá. Ṣùgbọ́n àná ni mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ìyá arúgbó kan máa kó jáde nílé bàbá wọn.

Lọ́dọọdún, àwa agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kún ìmọ̀ wa, kí a sì kọ iye wákàtí tí a fi gbà á ránṣẹ́. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ kò bá pé kò ní rí òǹtẹ̀ tí à ń lẹ̀ mọ́ ìwé ẹjọ́ gbà. Mo wọ ọ̀kan lórí fóònù lọ́dún tó kọjá. Mo pa kámẹ́rà, mo fi fóònù sórí ṣájà, mo sì gba Enuwá lọ ṣe irun. Ẹ wo ayé mi! Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti ń dágbére. Mo yára tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá, a jèrè púpọ̀." Mo wá fọwọ́ sí i pé mo jókòó níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é. N kò fi ìyẹn dá ara mi láre o.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ náà ni pé ilé ẹjọ́ ti dín iye ọjọ́ tí a fi ń fèsì ẹjọ́ kù. Èmi ò gbọ́. Nígbà tí Màmá, ìyá arúgbó tí mo ń sọ yìí, gbé ẹjọ́ ilé bàbá wọn ní Òkèrèwè wá bá mi, òǹkà àtijọ́ ni mo ń kà. Adájọ́ ní èsì wa ti pẹ́ jù. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, kò gbà. Ó gbé ilé fún ẹni tó pè wá lẹ́jọ́.

Mo sọ fún Màmá pé bí adájọ́ ṣe rí i nìyẹn. Irọ́ ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Lọ́yà mi, o gbìyànjú. Ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run." Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé iṣu mẹ́rin wá fún mi. Mo gbà á. Ẹ gbà mí o, mo gbà á, mo sì jẹ ẹ́.

Àná, mo fọ̀ràn lọ àgbà agbẹjọ́rò kan, ṣùgbọ́n n kò sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n búra sínú ìwé pé èmi lọ́yà ni mo ṣe àṣìṣe, pé n kò mọ òfin tuntun. Wọ́n ní ilé ẹjọ́ lè tún ẹjọ́ náà gbọ́, nítorí kò yẹ kí oníbàárà jìyà ẹ̀ṣẹ̀ lọ́yà rẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìwé wákàtí tí mo kọ ránṣẹ́. Bí mo bá búra pé n kò mọ̀ ọ́n, ìwé tí mo fọwọ́ sí wà níbẹ̀ tó ní mo kọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé méjèèjì wò pọ̀, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní níléèwé, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo sì mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n ní kí Màmá kó jáde. Màmá pè mí láàárọ̀, wọ́n bi mí bóyá kí àwọn máa di ẹrù. Mo ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ohun tí o bá ti sọ ni mo máa ṣe."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?