Àmì Tí Mo Pa Rẹ́ Lójú Mọ́rèniké

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí ìyàwó mi kò mọ̀, tí pásítọ̀ wa kò mọ̀, tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kò mọ̀. Mo ti rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bẹ̀ mí níṣẹ́ kan. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ náà. Mi ò sì lè sọ ìdí tí mi ò fi lè ṣe é. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí ẹ bá dé àdúgbò àwa atẹ̀wé ní Múṣìn, tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ, èmi ni wọ́n máa júwe fún yín. Mi ò fi fọ́nnu o. Àbí kí n kúkú sọ òótọ́: mo ń fọ́nnu. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ, mi ò sì parí rẹ̀. Ara mọ́tò ni mo kọ́kọ́ ń kọ̀wé sí. Nígbà tí ọ̀gá wa ra kọ̀ǹpútà, ọmọbìnrin kan tó kàwé ló ń lò ó, òun ló sì kọ́ mi kó tó rí iṣẹ́ sí báńkì. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò yé mi títí dòní, ṣùgbọ́n mo mọ àwòrán inú rẹ̀ bí mo ṣe mọ ojú àwọn ọmọ mi.

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyí. A máa gbé fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, èmi á wá fi máòsì tọ ipa rẹ̀, imú, ẹnu, etí, gèlè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo bá tọ ọ́ tán, fọ́tò ti di àwọ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá rí págunpàgun, màá dán an. Àwọ̀ tó bá pọ̀ jù, màá kó wọn pọ̀ di ọ̀kan, torí àwọ̀ púpọ̀ máa ń da ìtẹ̀wé rú. Èyí tó bá tò tóótòòtóó sílẹ̀ bí ìdọ̀tí, màá pa á rẹ́. Fífọ iṣẹ́ la ń pè é. Kò sí ẹni tó ń fọ iṣẹ́ bíi tèmi ní gbogbo Múṣìn.

Mo tún ní ọgbọ́n kan tó jẹ́ tèmi nìkan. Ojú ènìyàn kì í dọ́gba, ẹ lọ wo dígí. Nítorí náà, ìlàjì ojú ni mo máa ń yà, ìlàjì tó bá dáa jù. Màá wá yí i padà, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀, ojú á sì dọ́gba rẹ́gí. Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn wòlíì tó ń ṣe ìsọjí fẹ́ràn rẹ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ ti sọ mí di ọ̀dọ́." Èmi á rẹ́rìn-ín, orí mi á wú.

Ìyá Bùkọ́lá ni obìnrin tí mo ń sọ. Ẹja ló ń yan tà ní Ìwáyà. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó sáré wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wú. Àbúrò rẹ̀ ló sọnù. Mọ́rèniké lorúkọ ọmọ náà, obìnrin tó ti dàgbà ni, ṣùgbọ́n adití ni, kò sì lè sọ̀rọ̀. Kò kàwé. Kò lè dárúkọ ilé wọn fún ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì jọ lọ ra agbọ̀n ní Òtò, èrò ya lójijì, ọwọ́ wọn já ara wọn sílẹ̀. Bó ṣe di pé wọn ò rí i mọ́ nìyẹn.

Ó yọ fọ́tò kan nínú ọ̀rá. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni. Omi ti wọ ilé wọn nígbà kan rí, omi sì ti ba fọ́tò náà jẹ́. Àbàwọ́n wà lára aṣọ, àbàwọ́n wà lára gèlè, àbàwọ́n wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe é kó hàn dáadáa o. Ojú rẹ̀ nìkan ló lè gbẹnu sọ fún un."

Mo ní, "Ìyá Bùkọ́lá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Mo ṣe é, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ṣe é bí mi ò ṣe ṣe iṣẹ́ kankan rí. Ìlàjì òsì ojú rẹ̀ ni àbàwọ́n pọ̀ sí, nítorí náà ìlàjì ọ̀tún ni mo yà, mo yí i padà, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo fọ gèlè rẹ̀, mo kó àwọ̀ ara rẹ̀ di mẹ́ta péré. Ojú náà ń dán bí ọṣẹ tuntun. Ó ní kí n kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí sísàlẹ̀, mo ní kí ọ̀rọ̀ má pọ̀, pé ojú ni ènìyàn ń wò. Orúkọ, pé adití ni, àti ibi tí wọ́n ń gbé, ìyẹn nìkan ni mo kọ.

Nígbà tí Ìyá Bùkọ́lá wá wò ó nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló pé lé wa lórí. Ráfíù tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀gá, ṣé pósítà lẹ fẹ́ ṣe ni àbí ẹ fẹ́ gbé e níyàwó?"

"Lọ síbi ẹ̀rọ rẹ, jàre. Ṣé o ti rí irú ọwọ́ yìí rí?"

Ẹlòmíràn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín kì í ṣe ọwọ́ lásán!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Bùkọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó di ìwọ̀sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó rẹwà o. Àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n bí i mọ́. Ojú òsì rẹ̀ sì kéré ju ọ̀tún lọ."

Ohun tí mo pè ní àbàwọ́n omi, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe omi. Ara ọmọ náà ni.

Fọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè sọ pé, "Ẹ má bínú, mo ṣì í, ẹ gbé e wá." Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn mí tán ni. Ráfíù ń wò mí. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo gbé àgbọ̀n sókè.

Mo ní, "Inú kọ̀ǹpútà lẹ ti ń wò ó yìí. Tó bá dé orí bébà, á yọ."

Irọ́ ni. Ohun tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kò lè sí lórí bébà. Ráfíù mọ̀, ó kàn wolẹ̀ ni, torí pé èmi ni àgbà níbẹ̀. Ìyá Bùkọ́lá kò mọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n."

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wá kó pósítà náà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ láti Òtò títí dé Ìjọ́ra. Nígbà tí Ìyá Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ máa rí i, ó ti wà lára ògiri. Ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àmì yẹn ò mà yọ o." Mo ní bébà ló fà á, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n. Ó tún dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣí ìwé síwájú. Èyí tó burú jù ló kù.

Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri lẹ́yìn àga mi, kí àwọn oníbàárà lè rí ọwọ́ mi. Wọ́n ń rí i, wọ́n ń yìn ín. Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá kan tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Ìjọ́ra wá gba kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wọn. Ó rí pósítà náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Obìnrin yìí! Wọ́n lẹ ẹ́ mọ́ géètì wa. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ká ṣi ènìyàn mú."

Mo ní, "Báwo, Bàbá?"

"Adití obìnrin kan ló ń gbá iwájú ilé ìkẹ́rùsí wa nígbà yẹn, àwa la ń fún un lóúnjẹ. A mú un dúró ti pósítà yìí, à ń wò ó, à ń wo pósítà. Wọ́n jọra díẹ̀ níbi àgbọ̀n. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, ojú rẹ̀ kan kéré. Àmì dúdú kan sì wà níbí." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ara rẹ̀. "Bí ẹni pé ẹnì kan ti àtàǹpàkò bọ íńkì, ó wá fi tẹ̀ ẹ́. A ní adití kì í ṣe ẹyọ kan l'Ékòó. Òun fúnra rẹ̀ ń nàka sí gèlè inú pósítà, ó ń fọwọ́ lu àyà, ó tún nàka, ó tún lu àyà. A rò pé gèlè ló wù ú. A rẹ́rìn-ín títí."

Mo bi í pé níbo ló wà báyìí. Ó ní àwọn kan tó ń já àlùbọ́sà níbẹ̀ gbé e mọ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ní àwọn mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú adití bíi tirẹ̀ lókè Ọya lọ́hùn-ún. Ìlú wo? Kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Ìjọ́ra. Mo bi àwọn alábàárù, mo bi àwọn awakọ̀, mo bi àwọn olóúnjẹ. Kò sí ẹni tó rántí ọkọ̀ náà. Mo gba ibẹ̀ lọ sí Ìwáyà, mo ti pinnu pé màá sọ fún Ìyá Bùkọ́lá. Ó ń yan ẹja nínú èéfín nígbà tí mo dé. Bó ṣe rí mi, ó sáré gbé àga, ó ń pe àwọn ará ilé: "Ẹ wá o! Ẹni tó ya Mọ́rèniké nìyí!" Màmá wọn jáde wá, ó gbé ọwọ́ mi méjèèjì, ó ń súre fún mi. Wọ́n di ẹja fún mi. Mo gba ẹja, mo lọ sílé, mo sì jẹ ẹ́.

Mo já pósítà náà lára ògiri. Mo sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀bù pé ó ti gbó.

Ìyá Bùkọ́lá náà ló tún wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ara Màmá kò yá mọ́, Màmá sì ní kí wọ́n ṣe àdúrà ìkẹyìn fún Mọ́rèniké, kí òun lè fọkàn kúrò níbẹ̀ kí òun tó lọ. Wọ́n fẹ́ tẹ ojú rẹ̀ sórí bébà, kí wọ́n kọ "Sùn re o" sábẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé fọ́tò ńkọ́. Ó ní omi ti gbé e lọ ní òjò ọdún tó kọjá.

"Tiyín ló kù fún wa, Ẹ̀gbọ́n. Màmá ti gbàgbé àmì yẹn pátápátá. Ojú tí ẹ yà ló mọ̀ báyìí."

Nígbà tó lọ, mo ṣí iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ dá àmì náà padà. Èmi, tí mi ò tíì rí ohun tí ọwọ́ mi kò lè yà. Mo yà á, ó dà bí ìdọ̀tí. Mo pa á rẹ́. Mo tún un yà, ó tún dà bí ìdọ̀tí. Mo fẹ́ mú ojú òsì kéré, ó dà bí ẹni tó ń ṣẹ́jú sí mi. Ọwọ́ mi mọ bí a ṣe ń mú nǹkan kúrò, kò mọ bí a ṣe ń dá a padà. Mo gbé orí lé tábìlì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù bi mí pé kí ló dé, mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, màá da ọkàn ìyá arúgbó tó ń wá ìsinmi rú, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ bóyá Mọ́rèniké ṣì wà láàyè. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á fi àwòrán mi ṣe àdúrà òkú fún ẹni tó ṣeé ṣe kó wà níbì kan tó ń gbálẹ̀. Ìyá Bùkọ́lá kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n Bùkọ́lá máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sí i létí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ìyá Bùkọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò láyà láti sọ ọ́ lójú yín.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ àlùbọ́sà ti ń wá, ẹ gbàgbé pósítà tó dán yẹn. Ojú rẹ̀ kò dọ́gba. Ti òsì kéré ju ti ọ̀tún lọ. Àmì dúdú wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀, bí àtàǹpàkò tí a tì bọ íńkì. Bí ẹ bá pè é, kò ní gbọ́. Ẹ nàka sí gèlè, kí ẹ wá dúró wò ó. Bó bá fọwọ́ lu àyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun ni.