Wọ́n Ní Kí N Má Kọ Orúkọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ má kí mi kú ará fẹ́ra kù. Gbogbo ẹni tó ń wọ ilé mi ní Òkókómáíkò láti ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á bá yín tọ́ ọmọ. Mo máa ń dúpẹ́, mo máa ń gbé àga fún wọn. Bí wọ́n bá ti lọ tán, inú á máa bí mi sí wọn, nítorí pé ẹni tí wọ́n rò pé àwọn ń bá kẹ́dùn kọ́ ni mo jẹ́. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀nà ikú ìyàwó rẹ̀ sínú ìwé, kí lẹ fẹ́ bá a dárò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ìyàwó mi kì í ṣe olè. Ọmọ Ọ̀tọ̀ ni, etí omi ni wọ́n bí i sí, kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa ló ti ń lúwẹ̀ẹ́. Aṣọ ló ń tà. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo wá sáyé pẹ̀lú ìka mẹ́fà ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, a sì sọ ọ́ ní Olúgbódi, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Olúgbódi ni gbogbo ayé ń pe ìyàwó mi. Èmi náà, ohun tí mo ń pè é nìyẹn. Bí ẹ bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ láàárín ọjà, ó lè má sẹ́ni tó máa yíjú. Láti bí ọdún mélòó kan, owó epo ti gun àwọn ènìyàn lórí. Wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, èmi sì ni akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn tó ń là á. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà jáde ni mo fi wọlé. Gbogbo ẹni tó gba àríásì, owó oṣù tí ìjọba san sẹ́yìn lápapọ̀, ló ń wá léèsì, ìjọba sì ti fòfin de léèsì òkè òkun. Ìyàwó mi àti obìnrin méjì mìíràn a máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ibodè, wọn a ra léèsì, wọn a wé e mọ́ ìbàdí lábẹ́ ìró, wọn a sì gba ojú ọ̀sà padà sí èbúté Ọ̀tọ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń dé, bí ẹni tó lọ kí ìyá rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ní àdúgbò wa? Ìyàwó àwọn tó yẹ kó mú wọn gan-an wà lára oníbàárà wọn.

Ọjọ́ kan ni Dókítà dé síbi iṣẹ́ wa. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Olùkọ́ yunifásítì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, kò sì dàgbà tó mi. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí lórí ààbò láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, pàápàá ní ilẹ̀ àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Mo bi í pé kí ló kan Òkókómáíkò nínú ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin rò pé ìbọn àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ló máa tú wa ká. Rárá o. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Ibodè wa ni ògiri náà, mo sì fẹ́ mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó." Ó ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ Ẹ̀gùn díẹ̀, tí yóò bá òun bi àwọn tó ń gba ojú omi kọjá ní ìbéèrè, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà dé Ọ̀tọ̀, ogún ènìyàn péré.

Kì í ṣe owó ló fà mí. Fáìlì ni. Ó fún mi ní fáìlì aláwọ̀ búlúù àti báírò, ó sì pè mí ní olùwádìí. Ẹni tó ti ń ka àpò sìmẹ́ǹtì láàárọ̀ dalẹ́ láti ọdún mẹ́fà, tí wọ́n wá pè ní olùwádìí, ṣé orí rẹ̀ kò ní wú? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Purofẹ́sọ̀. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ìyàwó mi nìkan ni kò bá wọn rẹ́rìn-ín. "Bàbá Olúgbódi, ṣé wọ́n ti sọ yín di ọlọ́pàá tí kò níbọn ni?" Mo ní ìwé lásán ni, pé orí fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà pé kí a má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀nà oko mi láìní ọkọ́ lọ́wọ́, iṣu mi ló ń wá. Ẹ má fi tèmi sí i o." Mo ní mo gbọ́.

Mo rí mọ́kàndínlógún kọ. Èyí tó ṣẹ́kù kò rí ẹni dáhùn, nítorí àwọn ènìyàn ti ń rí fáìlì mi lókèèrè, wọ́n ti ń yà kúrò lọ́nà. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọjọ́ kejì ni Dókítà máa wá kó wọn. Ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń di irun fún Olúgbódi. Mo ṣí fọ́ọ̀mù tó kù, mo sì ń wo ẹ̀yìn ìyàwó mi. Kí ni mi ò mọ̀ nínú òwò rẹ̀ tí mo fẹ́ bi í? Mo kọ ọjọ́ tó máa ń lọ àti ọjọ́ tó máa ń bọ̀. Mo kọ èbúté tó máa ń gúnlẹ̀ sí. Mo kọ bó ṣe ń wé léèsì mọ́ra. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí a júwe ẹni tó dáhùn láìdárúkọ, mo dúró díẹ̀. Àwọn tó kù, obìnrin ẹlẹ́ja tàbí ọkùnrin onítábà ni mo kọ sí tiwọn. Tirẹ̀, mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń pè é lójoojúmọ́: Ìyá Olúgbódi, aláṣọ, Òkókómáíkò. Lójú mi, mi ò kọ orúkọ. Orúkọ rẹ̀ ni èyí tó wà nínú ìwé ìgbéyàwó wa, ìyẹn kò sì sí lórí fọ́ọ̀mù náà. "Kí lẹ ń kọ?" ló béèrè láìgbójú sókè. Mo ní, "Iṣẹ́ ni."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n wá pè mí níbi iṣẹ́. Kí n tó dé èbúté, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí ẹní. Baba Sẹ̀wánù, Ẹ̀gùn tó ti ń tu ọkọ̀ wọn tipẹ́tipẹ́, ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, omi ṣì ń ro lára aṣọ rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan pè láti àárín koríko pé, "Ìyá Olúgbódi, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?" Ìyàwó mi rò pé ará ilé ni. Ó dìde dúró nínú ọkọ̀, ó ní, "Èmi ni o." Ìgbà náà ni àwọn aṣọ́bodè yọ nínú aṣọ kákí. Bí ìyàwó mi ṣe ní kó yí padà báyìí, ọkọ̀ dojú dé. Àwọn obìnrin méjì yòókù di ọkọ̀ mú. Ìyàwó mi, tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ jù wọ́n lọ, òun ni kò yọrí. Léèsì tó wé mọ́ra ti mu omi, ó ti wúwo bí òkúta.

Gbogbo èbúté ń bi ara wọn pé ta ló dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo nawọ́ sí Baba Sẹ̀wánù. Mo ní, "Ta tún ni? Ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ ju ẹni tó ń tù wọ́n lọ?" Ó wò mí. "Bàbá Olúgbódi, èmi? Èmi tí mo gbé e jáde nínú omi?" Àwọn ọmọkùnrin ìdílé ìyàwó mi kò jẹ́ kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n nà án, wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá, wọ́n dáná sun ọkọ̀ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kúrò ní Ọ̀tọ̀. Ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ikú ìyàwó mi, ìwé kan dé sí mi láti yunifásítì pẹ̀lú ìkíni Dókítà. Wọ́n fi tàípù tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì dì í pọ̀ dáadáa. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ mi ní kíkún. Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn náà kún un: inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n to àwọn fọ́ọ̀mù mi sí. Obìnrin ẹlẹ́ja, Ọ̀jọ́. Ọkùnrin onítábà, Ìbà. Nísàlẹ̀ pátápátá: Ìyá Olúgbódi, aláṣọ, Òkókómáíkò, ọjọ́ Ẹtì, èbúté Ọ̀tọ̀.

Mo gbé ìwé náà lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mi ò kí i. Mo bi í pé ta ló fi hàn. Ó ní òun ti kà á níbi àpérò kan kí wọ́n tó dì í pọ̀, pé àwọn ọ̀gá ológun àti àwọn tó ń ṣọ́ ibodè wà níbẹ̀, wọ́n sì béèrè ẹ̀dà, pé bí iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ṣe rí nìyẹn. Mo sọ fún un pé ìyàwó mi ni, ó sì ti kú. Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Sà, a ní kí ẹ má kọ orúkọ. Ṣé mo mọ̀ pé orúkọ nìyẹn ni? Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀." Mo bú u. Mo ní ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé orúkọ ọmọ ni orúkọ abiyamọ, irú ìwé wo ló lọ kà? Mo ní ó ń wádìí ààbò kiri, ẹyọ obìnrin kan kò sì rí ààbò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ ló tọ́ sí i, mi ò kó ọ̀kan padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìta, mo tún ṣí ibi tí fọ́ọ̀mù ìyàwó mi wà. Òun kò mọ̀. Èmi ńkọ́? Ta ni ògiri tó lanu?

Ìwé náà wà nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Àwọn àna mi ṣì ń gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ṣì ń ṣépè lé Baba Sẹ̀wánù níṣojú mi, èmi náà sì ń ṣe àmín. Ní oṣù tó kọjá, ẹnìkan rí i ní Àgbádárìgì, ó ń fi ọwọ́ kan bá ẹlòmíràn tu ọkọ̀. Àwọn ọmọkùnrin ìdílé ti ń sọ pé àwọn máa lọ parí ohun tí àwọn bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Olúgbódi á mọ irú bàbá tó bí i. Bí mi ò bá sọ, wọ́n á pa aláìṣẹ̀, ìyẹn ni yóò sì jẹ́ òkú kejì lọ́rùn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn bí ẹ bá ní, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Mo ti gbìyànjú láti dúró níwájú ìyá ìyàwó mi, ẹnu mi kò là. Ọwọ́ nìkan ló kù mí kù láti fi sọ ọ́, ọwọ́ yìí kan náà. Baba Sẹ̀wánù kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ẹ rí i pé mi ò kọ orúkọ mi síbí. Ṣùgbọ́n mo kọ Ìyá Olúgbódi, aláṣọ, Òkókómáíkò. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ohun tí mo kọ.