Gèlè Tí Ẹ Wé fún Sípíkà

Alága wa lónìí, Alàgbà Akínfẹ́mi, mo kí yín. Pásítọ̀ wa àti ìyàwó yín, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ wá jókòó sí gbọ̀ngàn yìí ní Tucker, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu shift tí oorun ṣì wà lójú yín, mo rí yín, mo dúpẹ́. Eli, ọ̀gá mi, tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fẹ̀yìn tì, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì í yóò máa túmọ̀ fún un, kó má sì fo ibi tí mo bá ti bú u. Péjú, ìyàwó mi, mo kí ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ìyìn kan tán nípa mi. Wọ́n ní ọdún méjìlélógún ni Bíyìí fi jókòó sínú yàrá ìgbọ́rin ní ṣọ́ọ̀bù Eli, tó ń bá àwọn èèyàn yan sípíkà sílé, tó sì ń yan orin tí wọ́n á fi dán an wò. Òótọ́ ni. Wọ́n ní láti Jonesboro títí dé Tucker níbí, kò sí ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ra sípíkà gidi tí kò ní kọ́kọ́ bi Uncle Bíyìí. Òótọ́ nìyẹn náà, ó sì wà lára ohun tó kó mi sí wàhálà. Ìgbà tí wọ́n wá ka ibi tó ní etí mi kì í ṣìgbọ́, ẹ pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú yín bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́, inú sì bí mi níbi tí mo jókòó sí, nítorí púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n rọra gbà á bọ̀. Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Ìbàdàn kí n tó wá sílùú yìí. Nígbà tí mo dé Atlanta, ẹrù ni mo ń gbé nínú ilé ìkẹ́rù. Òjò ló lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù Eli lọ́jọ́ kan. Orin ń lọ lọ́wọ́, mo dúró, mo ní, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wáyà sípíkà ọ̀tún yẹn ti forí gbarí, èyí tó yẹ kó wọ ojú pupa ló wọ ojú dúdú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn sípíkà, ó bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó dìde, ó bi mí pé ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Eli, mi ò gbàgbé. Ọ̀gá mìíràn ì bá ní kí n jáde pẹ̀lú bàtà tó rin gbingbin. Ìwọ fún mi ní yàrá, o fún mi ní àga, o sì gbà mí láàyè kí n tilẹ̀kùn mọ́ra pẹ̀lú ẹnì kan fún wákàtí méjì lórí orin kan ṣoṣo, kí onítọ̀hún sì jáde láìra nǹkan kan. Mélòó ni irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ láyé?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ ti fojú mi rí màbo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde lónìí, nítorí ó ti pẹ́ nínú mi. Ẹnì kan á jókòó níwájú sípíkà tó ga dé àyà rẹ̀, á wá yọ fóònù jáde. Orin wo ló mú wá? Orin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ẹni àkọ́kọ́ pàápàá dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì gbà á sílẹ̀, tí ọmọ ọwọ́ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á gbọ́ ọ tán, á ní, "Uncle, sípíkà yìí ò mọ́ o." Ṣé sípíkà ló ń ké ni? Ẹlòmíràn á dé, kò ní jókòó, kò ní bọ́ kóòtù, á kàn ní, "Béèsì, Uncle, ẹ fi béèsì sí i." Ó fẹ́ kí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù máa jó. Mo máa ń bi í pé, ṣé orin lo fẹ́ gbọ́ ni, àbí o fẹ́ lé aládùúgbò rẹ kúrò nílé?

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti wí i? Orin tí a fi ń yan sípíkà, orin tí o mọ̀ dénú ni kó jẹ́, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fo ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, wàá dìde. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n fara balẹ̀ gbà sílẹ̀, tí a máa gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí sínú kó tó gbé ohùn sókè. Kó jẹ́ ohùn ẹnì kan, bóyá pẹ̀lú gìtá kan, má kó ogójì èèyàn lé sípíkà lórí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jókòó. Pa ojú dé. Bí sípíkà bá dára, tí wọ́n sì gbé e sí ibi tó yẹ, akọrin yẹn á dúró láàárín méjèèjì, o máa mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Bó o bá sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, mú orin Yorùbá wá. Àwa la ni èdè tí ohùn ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Bí obìnrin bá kọrin pé ọkọ òun dé, tí sípíkà wá ń sọ fún ọ pé ọkọ̀ ló dé, gbé e pa dà fún Eli, má sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń wí rèé, ẹnu mi sì mú. Ó mú jù. Ibi tí ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, Sister Bridget tó jókòó sí ìlà kejì yẹn pè mí wá jẹun nílé wọn ní Jonesboro lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni mo yan sípíkà ilé náà, èmi ni mo gbé e kalẹ̀, èmi ni mo yan orin mẹ́wàá tó máa dùn jù lórí rẹ̀, tí mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Mo wọlé, mo rí i pé wọ́n ti wé gèlè fún sípíkà méjèèjì. Gèlè olówùú tó nípọn, wọ́n wé e mọ́ ọn lórí gírígírí, níbi ẹnu kékeré tí ohùn tín-ín-rín ń gbà jáde. Mo ní, "Sister, kí ló dé?" Wọ́n ní, "Eruku ni, sà." Mo ní ó dáa, mo jókòó ti ìrẹsì mi. Ọmọ wọn, Praise, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Downtown, tí wọ́n bí síbí, tó jẹ́ pé Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, jáde láti kíṣìnì. Ó ní, "Mummy, why are you lying? Uncle, kì í ṣe eruku. Ó ń gún wa létí. Etí ẹ ò dáa mọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o. Ó ní "etí ẹ", bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ gbá tábìlì. Wọ́n ní, "Praise, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Etí yín! Etí yín ò dáa mọ́!"

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo dúró kí Sister sọ pé ọmọ náà purọ́. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà nìkan ni wọ́n tún ṣe, wọ́n fi ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ọjọ́ kẹta mo lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnì bí mo bá ti gbọ́ ohùn. Mo tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ohùn tó nípọn. Mo ń dúró. Mo ń dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àwọn tó tín-ín-rín. Ìgbà tí obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn tó ní a ti parí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti ń fi wọ́n sí mi létí láti ìgbà náà, tí mi ò gbọ́ ìkankan. Ó fi ìlà kan hàn mí lórí pépà. Ìlà náà lọ títí, ó dé ibì kan, ó já wálẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná, ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ìyẹn ni pé láti ọdún mẹ́rin, nígbàkúùgbà tí mo bá yan orin fún yín, tí mi ò bá gbọ́ ohùn tín-ín-rín rẹ̀, mo máa ń rò pé sípíkà ni kò pariwo tó. Mo máa ń gbé e sókè títí yóò fi dùn mọ́ mi. Bó bá ti dùn mọ́ mi, ẹ̀yin ń gba abẹ́rẹ́ sétí. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Mo bi Eli, mo ní ṣé ìwọ náà kò gbọ́? Ó ní òun gbọ́, pé òun rò pé bí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbà mí o. Ẹ túmọ̀ ìyẹn fún un dáadáa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló kọ́ wa ní irú ọ̀wọ̀ yìí? Ẹ rí àgbàlagbà tó ń ṣìnà, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i, ẹ sì yà fún un kó lè máa ṣìnà lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ gbé àbùkù mi pamọ́ sábẹ́ gèlè fún ọdún mẹ́rin, ẹ sì ń pè mí síbi oúnjẹ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, orí àgbà ló wọ́, gbogbo ọjà ló sì ń wò ó.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ni mo kọ́ yín ní ìdákẹ́. Tẹ́ní wà níjókòó níbí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó wá yan sípíkà fún ilé tuntun rẹ̀, ó sì sọ fún mi nínú yàrá náà pé, "Uncle, it's too sharp." Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ó kúnlẹ̀ tán kó tó sọ ọ́. Mo ní kó lọ fọ etí rẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn, mo tún fi ṣe àwàdà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló máa tún lanu sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Tẹ́ní, etí rẹ mọ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, mo bẹ̀ ọ́ lójú gbogbo ayé, dárí jì mí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé, nítorí mi ò lè fi ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n sílẹ̀ báyìí kí n ní mo ti fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo Sátidé, èmi àti Praise, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ yẹn, á máa lọ láti ilé dé ilé. Èmi á so wáyà, èmi á gbé sípíkà. Praise ni yóò gbọ́. Orin tó bá ní ó dùn, ó dùn. Èyí tó bá ní ó ń gún òun, a ó tún un ṣe, bó ti wù kó jẹ́ ààyò mi tó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Ó sì lè máa pè mí ní "ìwọ" títí a ó fi parí.

Kí Ọlọ́run bùkún yín. Kó má jẹ́ ká pàdánù ohun tí a fi ń jẹun láìmọ̀. Kí àwọn ọmọ yín ní ẹnu láti sọ òótọ́, kí ẹ̀yin náà ní etí láti gbà á. Ṣọ́ọ̀bù Eli kò ní í tì. Ẹni tó bá jókòó sórí àga mi yóò ṣe jù mí lọ.

Ó ku ohun kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn àdúrà, kí ẹ má baà purọ́ lórí àmín. Ẹni tó bá ti wé gèlè fún sípíkà tí mo yàn, tàbí tó fi ìrọ̀rí dí i, tàbí tó yí ojú rẹ̀ sí ògiri nígbà tí mo bá ti jáde, kó nawọ́ sókè. Ẹ má wojú ara yín. Ẹ nà án. Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Alága, ẹ̀yin náà? Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé ìyìn? Ẹ jẹ́ kó wà lókè kí Praise kọ orúkọ.

Péjú, ọwọ́ rẹ ni mo ń wò yẹn? Sípíkà tiwa kò wé gèlè. Èmi ni mo máa ń nù ún láràárọ̀. Kí lo wí? Ẹ fún un ní makirofóònù. Ẹ dákẹ́, kí n gbọ́.

Ó ní òwú ni. Ó ní etí ara òun lòun ń fi òwú dí, lábẹ́ ìborùn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti pè é pé, "Péjú, wá gbọ́ eléyìí." Láti ọdún mẹ́rin.

Ìwọ obìnrin yìí. O jókòó tì mí lórí àga yẹn fún ọdún mẹ́rin, o ń mi orí. Bí mo bá bi ọ́ pé ṣé ó dùn, wàá ní, "Ó dùn, Daddy." Kí lo ń gbọ́ tó dùn?

Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní èmi ni òun ń wò.

Inú ń bí mi, Péjú. Inú ń bí mi gan-an. Bí a bá délé lónìí, yọ òwú yẹn dà nù. Ìwọ ni wàá yan orin, ìwọ ni wàá sọ ibi tí ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ. Ibi tí mi ò bá ti lè gbọ́, jọ̀ọ́, sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí Ọlọ́run sin oníkálukú délé. Ẹ ṣé o.